Àpò Méje

Lẹ́tà náà bá mi ní Àjàṣẹ́, nínú yàrá tí mo yá lẹ́yìn ọjà Wàndó.
Ó ní kí n wá sí Rọ́tádáàmù, ìlú ọkọ̀ ojú omi,
kí n wá fi ọdún kan gbáko kọ́ òfin òwò:
òfin ẹrù tó ń gba orí òkun kọjá,
òfin ilé iṣẹ́ tí orí rẹ̀ wà ní ìlú kan,
tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní mẹ́tàdínlógún.
Orúkọ mi lórí ìwé wọn ni Kílémáǹsì.
Oyèníkẹ̀ẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀,
bí ọmọ tí wọ́n ní kó dúró síta.

Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí lórí fóònù.
Ọkùnrin náà ń mu kọfí, mo ń gbọ́ bó ṣe ń gbé ife kalẹ̀:
"Kí ni àdéhùn, ní ẹnu tìrẹ?"
Mo mọ èsì. Mo ti há a sórí láti ọdún kejì:
ìfẹnukò ẹni méjì, ohun tó ṣe é ṣe, ìdí tí òfin ò kọ̀.
Mo sọ ọ́ ní Faransé, mo tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì.
Ṣùgbọ́n ojú mi ti lọ sí Kétu,
sí ògiri ilé ìdáná Ìyá Àgbà.

Èédú ló fi ń kọ̀wé, ẹni tí kò mọ̀wé.
Ilà kan, àpò àgbàdo kan.
Ilà tí a gé láàárín: wọ́n ti san án.
Òbìrìkìtì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà:
ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, ẹ má tíì bi í léèrè.
Àwọn ará Ìlárá wà níbẹ̀, àwọn ará Ìmẹ̀kọ wà níbẹ̀,
kò sí ẹnubodè lára ògiri,
náírà àti sẹ́fà sùn ti ara wọn.
Bí òjò bá ṣú, a ó sáré fi páànù bò ó.

Mo kà á tán kí n tó mọ ábídí.
Ilà méje kan wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá ààrò,
tí ẹnikẹ́ni kò gé rí.
"Ta ló ni èyí, Ìyá?"
"Fẹ́ iná, jàre. Ọbẹ̀ ń tutù."

Ọdún tí a sin ín ni Ẹ̀gbọ́n Agbọ̀nká tó sọ fún mi.
Bàbá mi ni.
Ó kó àpò méje lọ tà ní Kútọnu,
ó fi owó rẹ̀ ra alùpùpù,
ó ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bàbá mi náà ló kanlẹ̀kùn mi lánàá,
tòun ti ọ̀rá dúdú lábẹ́ abíyá.
Owó fisà, owó ọkọ̀ òfúrufú,
ó ń kà á sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi itọ́ tọ́ ìka,
kò wo ojú mi.
"Kì í ṣe ẹ̀bùn," ló wí. Ìyẹn nìkan.
Ìwé mi ní bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè bá kú,
ajogún ló ń gbà á.
Bí ajogún bá wá jẹ́ ajigbèsè fúnra rẹ̀,
ọwọ́ kan náà, gbèsè ti pòórá.
Mo mọ abala náà. N kò sọ ọ́.
Mo bu omi fún un. Ó mu ún.
Ó ní omi ọ̀sà ti fà lọ́dún yìí.

Láàárọ̀ òní mo wọ takisí, a gba Pọ́bẹ̀,
erùpẹ̀ pupa bò mí títí dé Kétu.
Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà, wọ́n kùn ún ní búlúù.
Ìyàwó àbúrò bàbá mi ń dín àkàrà níbẹ̀.
Mo wá èédú nínú eérú,
mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ààrò, mo fa ilà méje.
Ọwọ́ mi ò lè gé wọn.
"Lọ́yà, kí lo ń ba ògiri mi jẹ́ sí?"
Mo ní mò ń bọ̀.
Mo ní ẹ má tíì pa á rẹ́,
ọdún kan péré ni.